FÀDÁKÀ INÚ ÀPÓTÍ: Ẹ̀TỌ́ TA NI Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀?

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Islām, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí dúkìá kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí nígbà tí ọdún sàká bá yípo. Òun ni àwọn ohun èlò oúnjẹ àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé tí wọ́n fi fàdákà rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Ireland láyé àtijọ́: ṣíbí, fọ́ọ̀kì, ìkòkò tíì, àwo pẹrẹsẹ, ọ̀pá àbẹ́là, abọ́ ṣúgà. Àwọn ará wa tí ń gbé ní London tàbí Dublin mọ̀ wọ́n dáadáa. Wọ́n ń tà wọ́n ní ọjà gbàǹjo àti ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù. Àwọn kan gbà á ní ẹ̀bùn nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn kan jogún rẹ̀. Àwọn mìíràn ti kó o wálé, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀, wọn kò sì mọ ohun tí ó jẹ́ gan-an.

KÍ NI Ó KÀN WÁ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ FÀDÁKÀ?

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ọmọ òrukàn nínú ṣíbí àwọn òyìnbó. Ìdáhùn rẹ̀ pé mẹ́ta.

Ìkínní: fàdákà wà lára dúkìá tí sàká jẹ́ ọ̀ranyàn lé lórí. Nínú Sūratut-Tawbah, Ọlọ́hun kìlọ̀ gidigidi fún àwọn tí ń kó wúrà àti fàdákà pamọ́ tí wọn kì í ná an sí ojú ọ̀nà Rẹ̀. Ìkìlọ̀ náà kò yọ fàdákà tí a ti rọ di ìkòkò tíì sílẹ̀.

Ìkejì: Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) kọ̀ fún wa pé kí a máa jẹ tàbí kí a máa mu nínú ohun èlò wúrà àti fàdákà. Hadiisi Hudhayfah lórí èyí wà nínú Bukhārī àti Muslim. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe pa òfin yìí mọ́ bí kò bá mọ èyí tí í ṣe fàdákà nínú àwọn àwo ilé rẹ̀?

Ìkẹta, òun ni ó sì wúwo jù: òbí lè kú kí ó fi irú nǹkan báyìí sílẹ̀ fún ọmọ kékeré. Nínú Sūratun-Nisā', Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún àwọn alágbàtọ́ pé kí wọ́n kó dúkìá ọmọ òrukàn fún un, kí wọ́n má sì fi èyí tí kò dára pààrọ̀ èyí tí ó dára. Àwọn onítúmọ̀ Alùkùránì ìgbàanì ṣàlàyé pé ní ayé àìmọ̀kan, alágbàtọ́ a mú àgùntàn tí ó sanra nínú ti ọmọ òrukàn, a fi èyí tí ó rù síbẹ̀. A mú dirham tí ó dára, a fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀, a sì ní dirham kan ni mo mú, dirham kan ni mo fi sílẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bá ẹ̀kọ́ tòní mu. Ṣíbí 12 tí ó jẹ́ ojúlówó fàdákà àti ṣíbí 12 tí wọ́n kàn fi fàdákà bò jọ ara wọn lójú ẹni tí kò mọ̀. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé pé "ṣíbí 12", ta ni yóò mọ̀ bí ẹnìkan bá pààrọ̀ wọn?

OJÚ NÌKAN KÒ TÓ

Fàdákà tí kò ní àbùlà rọ̀ jù fún iṣẹ́ ilé. Nítorí náà àwọn alágbẹ̀dẹ máa ń po bàbà díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè le. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1300, ní ayé ọba Edward Kìn-ín-ní, sọ pé ohun èlò fàdákà kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní sterling lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ìdá 1000, ìdá 925 jẹ́ fàdákà, ìdá 75 tí ó kù sì jẹ́ irin mìíràn, tí ó sábà máa ń jẹ́ bàbà.

Àmọ́ ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ìdá 925 àti ìdá 800. Alágbẹ̀dẹ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́hun lè po bàbà kọjá ààlà kí oníbàárà má sì mọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé òǹtẹ̀ kalẹ̀. Láti ọdún 1478, àwọn alágbẹ̀dẹ London ní láti máa gbé iṣẹ́ wọn lọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, ìyẹn Goldsmiths' Hall. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti ha díẹ̀ lára rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá péye, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i lára. Bí kò bá péye, wọ́n á fọ́ ọ. Láti ara orúkọ gbọ̀ngàn yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe òǹtẹ̀ náà ní hallmark.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Ní àwọn ìlú Mùsùlùmí àtijọ́, muhtasib ni ó ń yí ọjà ká láti yẹ òṣùwọ̀n, owó àti ọjà wò, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ. Sūratul-Mutaffifīn ti sọ àbọ̀ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù.

BÍ A ṢE Ń KA ÒǸTẸ̀

Ẹ mú ohun èlò náà, ẹ yí i padà sí ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Lára iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àmì wọ̀nyí ni ẹ máa rí:

1. Àmì alágbẹ̀dẹ. Láti ọdún 1363 ni òfin ti ní kí olúkúlùkù alágbẹ̀dẹ ní àmì tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, HB ni àmì Hester Bateman, obìnrin opó kan ní London. Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1760. Ní 1761 ó forúkọ àmì tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì darí iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ títí di 1790. Lónìí, àwọn tí ń kó fàdákà àtijọ́ jọ máa ń fi owó gidi wá ohun tí ó ní àmì rẹ̀.

2. Àmì ìjójúlówó. Kìnnìún tí ń rìn, tí ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ni. Láti ọdún 1544 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní London. Bí ẹ bá rí i, ìdá 925 ni.

3. Àmì ìlú. Orí ẹkùn ni ti London. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ni ti Birmingham, adé sì ni ti Sheffield. Ọdún 1773 ni ìlú méjèèjì yìí gba àṣẹ ilé àyẹ̀wò tiwọn. Láti 1975 ni Sheffield ti fi òdòdó róòsì rọ́pò adé lára fàdákà. Ilé olódi onílé-ìṣọ́ mẹ́ta ni ti Edinburgh ní Scotland. Ibẹ̀ kì í lo kìnnìún tí ń rìn: òdòdó ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ wọn ni wọ́n lò láti 1759, kìnnìún tí ó dìde dúró sì ni láti 1975. Àwọn ilé àyẹ̀wò mìíràn ti kógbá sílé: Exeter ní 1883, Newcastle ní 1884, Chester ní 1962, Glasgow ní 1964. Mẹ́rin tí ó kù ni London, Birmingham, Sheffield àti Edinburgh.

4. Lẹ́tà ọdún. Ọdọọdún ni lẹ́tà yìí ń yí padà. Bí A títí dé òpin bá parí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú ìkọ̀wé mìíràn àti ààlà mìíràn yí lẹ́tà náà ká. Nítorí náà a kò lè fi ojú lásán sọ ọdún. Àfi kí a wo ìwé tí ó to àwọn lẹ́tà náà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Láti 1999, lẹ́tà ọdún kì í ṣe dandan mọ́.

5. Orí ọba tàbí ayaba. Bí ẹ bá rí i, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti san owó orí fàdákà náà fún ìjọba. Láti 1784 sí 1890 ni wọ́n lò ó.

Ó ku àmì kan tí ó yẹ kí a mọ̀. Ní ìgbà kan, àwọn ènìyàn ń gé etí owó fàdákà, wọ́n sì ń yọ́ owó náà láti fi rọ ohun èlò. Kí ìyẹn lè dópin, ìjọba gbé ìwọ̀n ohun èlò fàdákà ga ju ti owó lọ láti 1697 sí 1720. Ó di ìdá 958 nínú 1000. Àmì rẹ̀ ni àwòrán obìnrin tí ó jókòó, tí wọ́n ń pè ní Britannia. Bí ẹ bá rí i lára fàdákà, ó sàn ju sterling lọ.

TI ILẸ̀ IRELAND

Ní ọdún 1637, ọba Charles Kìn-ín-ní fún ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà Dublin ní ìwé àṣẹ. Àmì ìjójúlówó wọn ni dùùrù olókùn tí adé wà lórí rẹ̀. Láti 1730 ni wọ́n ti fi àwòrán obìnrin mìíràn kún un, Hibernia ni orúkọ rẹ̀, láti fi hàn pé owó orí ti wọlé. Nígbà tí ó yá, ojú àmì ìlú Dublin ni àwọn ènìyàn fi ń wò ó. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè pe Hibernia ní Britannia. Dùùrù ni kí ẹ fi dá wọn mọ̀.

Ọ̀nà jìn láti Cork àti Limerick dé Dublin, kò sì láàbò nígbà náà. Nítorí èyí, púpọ̀ nínú àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ń lu orúkọ ara wọn àti ọ̀rọ̀ STERLING sí iṣẹ́ wọn láìgbé e lọ fún àyẹ̀wò. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí kìnnìún tàbí dùùrù lára rẹ̀, ẹ má ṣe yára sọ pé kò níláárí. Irú iṣẹ́ Cork àti Limerick bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì ń wá a. Bákan náà ni òrùka ńlá tí àwọn ará Ireland rọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún láti gbé abọ́ gbígbóná kà, kí ooru má baà ba igi tábìlì jẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ìdérí nǹkan kan ni tí ìyókù rẹ̀ ti sọnù, kí ó sì dà á nù.

ÀFÍBÒ ÀTI AYÉDÈRÚ

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ń dán ni fàdákà. Ní bíi ọdún 1743, Thomas Boulsover ti ìlú Sheffield rí ọgbọ́n tí a fi ń lẹ fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ bàbà. Bí ó bá ti gbó, pupa bàbà á máa yọ ní etí rẹ̀. Ní 1840, ilé iṣẹ́ Elkington ní Birmingham gba ìwé àṣẹ lórí fífi iná mànàmáná bo irin ní fàdákà. Láti ìgbà yẹn ni àfíbò ti pọ̀ káàkiri.

Bí ẹ bá rí EPNS lára ṣíbí, àfíbò ni. Irin tí ó wà nísàlẹ̀ jẹ́ bàbà, níkẹ́lì àti síǹkì. Wọ́n ń pè é ní "nickel silver", ṣùgbọ́n kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀. EPBM náà àfíbò ni, orí irin tí wọ́n ń pè ní "Britannia metal" ni wọ́n bò. Tánńganran ni ó pọ̀ jù nínú irin yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ Britannia tàn yín: àwòrán obìnrin tí ó jókòó jẹ́ àmì fàdákà tí ó ga, ọ̀rọ̀ "Britannia metal" kò ní fàdákà nínú rárá. Àwọn oníṣẹ́ àfíbò kan tún máa ń to lẹ́tà wọn sínú ààlà kéékèèké kí ó lè jọ òǹtẹ̀ tòótọ́.

Ẹ̀tàn wà nínú òǹtẹ̀ tòótọ́ pàápàá. Láàrin 1720 sí 1758, owó orí jẹ́ pẹ́ńsì mẹ́fà lórí áúǹsì kọ̀ọ̀kan. Àwọn alágbẹ̀dẹ kan á gbé nǹkan kékeré lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n á san owó díẹ̀, wọ́n á wá gé òǹtẹ̀ náà jáde, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun ńlá. Ẹni tí ó bá hu ooru ẹnu rẹ̀ sí ibi òǹtẹ̀ lè rí ilà ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Bí ẹ bá rí irú ilà bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

ÌWỌ̀N ÀTI ÌṢIRÒ SÀKÁ

Nisāb fàdákà ni dirham 200. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní ṣírò rẹ̀ sí gíráàmù 595. Àwọn mìíràn gbé e dé bíi 612. Bí fàdákà bá tó bẹ́ẹ̀ tí ọdún òṣùpá sì yí lé e lórí, ìdá 2.5 nínú 100 ni sàká rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣe ìyàtọ̀ sí ohun ọ̀ṣọ́ tí obìnrin ń fi sára: nínú mazhab Mālik tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa, kò sí sàká lórí rẹ̀ bí ó bá jẹ́ lílò. Àmọ́ ohun èlò oúnjẹ kò sí lábẹ́ ìyọ̀ǹda yẹn. Sàká wà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ṣíbí ńlá 12 ni, gíráàmù 65 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, òǹtẹ̀ kìnnìún sì wà lára gbogbo wọn.

65 × 12 = gíráàmù 780.
780 × 925 ÷ 1000 = gíráàmù 721.5 fàdákà gidi.
Ó ju 595 lọ, ó sì ju 612 lọ.
721.5 × 2.5 ÷ 100 = bíi gíráàmù 18.04.

Ẹ fi iye owó gíráàmù fàdákà kan ní ọjọ́ náà ṣe ìsọdipúpọ̀ 18.04, iye tí ó bá jáde ni sàká. Bí fàdákà yín kò bá tó nisāb, ẹ kà á mọ́ owó tí ẹ ní.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀pá àbẹ́là àti ọwọ́ ọ̀bẹ ni ó jẹ́ awẹ́ fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ki oje igi tàbí ọ̀dà sínú rẹ̀. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n báyẹn, irọ́ ni òṣùwọ̀n yóò pa. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ fojú díwọ̀n fàdákà tí ó wà níbẹ̀. Ìkejì, áúǹsì tí wọ́n fi ń wọn fàdákà jẹ́ gíráàmù 31.1, ti oúnjẹ jẹ́ 28.35. Ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Ìkẹta, bí ẹ bá ń ṣòwò fàdákà, ìṣirò ti ọjà yàtọ̀ sí ti ohun tí ó wà nílé. Ẹ lọ bá ààfáà yín.

BÍ ÓLÓHUN BÁ KÚ, TÍ ỌMỌ RẸ̀ KÉRÉ

Ibí yìí ni kókó ẹ̀kọ́ wa wà. Ká ní obìnrin ará wa kan kú ní London, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀, àpótí fàdákà kan sì wà nínú ẹrù rẹ̀. Ẹbí fẹ́ kó ilé náà kíákíá. Ẹnìkan tí ń ra àlòkù dé, ó ní òun yóò san owó díẹ̀ lórí gbogbo àpótí náà. Alágbàtọ́ kò jalè, kò sì ní èrò búburú. Ó kàn rò pé ṣíbí àtijọ́ lásán ni. Bí ó bá gbà, ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn ti lọ, ẹni tí ó mọ̀ ni ó sì kó o lọ. Ọlọ́hun sọ nínú Sūratun-Nisā' pé àwọn tí ń fi àbòsí jẹ dúkìá ọmọ òrukàn, iná ni wọ́n ń jẹ sínú ikùn wọn. Ẹni tí kò mọ̀ kò rí bí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba àmánà ní láti béèrè kí ó tó tà. Kí ó ṣe báyìí:

(a) Kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí méjì, kí ó ya àwòrán òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ó má ṣe kọ "ṣíbí 12" lásán. Kí ó kọ òǹtẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú.

(b) Kí ó má ṣe fi ọṣẹ líle tàbí kànǹkàn tí ó le ha á. Ìdán àsọdùn a máa pa òǹtẹ̀ rẹ́.

(d) Kí ó bi ẹni méjì tí wọn kò mọ ara wọn léèrè iye rẹ̀. Ẹni tí ń yọ́ fàdákà yóò san iye irin nìkan. Ilé gbàǹjo máa ń wo ọjọ́ orí, alágbẹ̀dẹ àti ìlú tí ó ti wá, iye rẹ̀ sì lè ju ti irin lọ jìnnà.

(e) Bí wọn yóò bá tà á, kí ó gba owó lójú ẹsẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà wá níyànjú pé a kì í ta fàdákà ní àwìn, kí a má baà bọ́ sínú ribā.

(ẹ) Kí alágbàtọ́ má ṣe rà á fún ara rẹ̀ ní ẹ̀dínwó.

(f) Kí ó má ṣe gbàgbé sàká dúkìá náà. Nínú mazhab Mālik àti ti ọ̀pọ̀ onímọ̀, sàká wà lórí dúkìá ọmọ kékeré, alágbàtọ́ ni yóò sì yọ ọ́.

(g) Nígbà tí ọmọ bá dàgbà tí ó sì gbọ́n, kí ó kó ìwé àti owó fún un lójú ẹlẹ́rìí, gẹ́gẹ́ bí Sūratun-Nisā' ti pa á láṣẹ.

Bákan náà ni fún ẹ̀yin tí ń fi nǹkan tọrẹ fún ọmọ òrukàn. Bí ẹ bá ní irú fàdákà yìí nílé tí ẹ kò sì lè jẹun nínú rẹ̀, ohun tí ó dára ni kí ẹ tà á kí ẹ fi owó rẹ̀ ṣe sàráà. Ẹ ka òǹtẹ̀ rẹ̀ ná, kí ẹ̀bùn yín lè dé ọwọ́ ọmọ náà ní kíkún.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀGBÉYẸ̀WÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin àwòrán Britannia lára fàdákà àti irin tí ń jẹ́ "Britannia metal"?
2. Àwo fàdákà sterling kan wọn gíráàmù 1,000. Gíráàmù mélòó ni fàdákà gidi inú rẹ̀, mélòó sì ni sàká rẹ̀?
3. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ wọn ọ̀pá àbẹ́là bí a ṣe ń wọn ṣíbí?
4. Sọ nǹkan mẹ́ta tí alágbàtọ́ gbọdọ̀ ṣe kí ó tó ta fàdákà ọmọ òrukàn.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó wúlò ṣe arísìkí wa, kí Ó gba sàká wa, kí Ó má ṣe jẹ́ kí a fi àìbìkítà jẹ ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn. Àmín.